Irin Tí N Kò Gbé Sókè

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham pe àwa àgbà jọ ní Sátidé kan pé ká wá sọ irú iṣẹ́ tí a ṣe láyé, kí àwọn tó ń wo ọ̀nà tí wọn yóò gbà lè rí nǹkan mú dání. Dókítà sọ tirẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì sọ tirẹ̀, ìyá kan tó ń ta irun ní Rye Lane náà sọ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní iṣẹ́ ìjókòó ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin kan ní, "Office work ni, Uncle?" Mo ní rárá o, gìtá ni mo ń ta, nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn òyìnbó. Ojú tí wọ́n fi wò mí, àfi bí ẹni pé mo ní olè ni mo ń jà. Wọ́n pe ìrun kí n tó lè ṣàlàyé, ó sì dùn mí. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Gìtá tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn tí wọ́n fi ń fò sókè fò sílẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹni tó ń ta á á sì jókòó tì í bí ìgbà tí télọ̀ bá jókòó ti máṣíìnì. Ọwọ́ ọ̀tún á máa já okùn, ọwọ́ òsì á mú irin kékeré kan tó wúwo, á máa yọ̀ ọ́ lórí okùn. Ẹsẹ̀ á máa tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀. Orúnkún méjèèjì á máa ti àwọn apá irin tó so rọ̀ lábẹ́ gìtá náà, kí ohùn okùn lè gòkè tàbí kó wálẹ̀. Gbogbo ara ló ń ṣiṣẹ́ àfi ẹnu. Bóyá ìyẹn ni mo ṣe wá lẹ́nu tó báyìí lọ́jọ́ ogbó.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Káríìmù ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Mushin. Gìtá tirẹ̀ kò lẹ́sẹ̀, kò ní pẹ́dà. Orí itan ló máa ń gbé e lé. Ènìyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í pariwo, kì í na ọmọ iṣẹ́. À bá tilẹ̀ fẹ́ kó nà wá. Tí o bá yọ irin kọjá ibi tó yẹ díẹ̀ báyìí, tí ohùn náà kan, ọ̀gá á kọjú sí ògiri. Kò ní bá ọ sọ̀rọ̀, kò ní wò ọ́, ibẹ̀ ló máa dúró sí títí wàá fi rí ohùn náà mú. Mo ti rí i kó dúró bẹ́ẹ̀ títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù, tí ìyàwó rẹ̀ wá ń bẹ̀ mí pé, "Ràmónì, jọ̀ọ́, bá mi wá ohùn yẹn rí, kí bàbá yìí lè jẹun."

Mo ní àléébù kan nígbà náà. Tí orin bá ti wọ̀ mí lára, orúnkún mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, gìtá tó wà lórí itan mi á sì máa gbọ̀n. Ọ̀gá mú àjákù àǹkárá kan, ó fi so orúnkún mi méjèèjì pọ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ò mọ orin. Fi ọwọ́ wá a." Bí mo ṣe kọ́ bí a ṣe ń dá irin ní ìdábùú lórí okùn nìyẹn, kí orí rẹ̀ lọ síwájú kí ìdí rẹ̀ fà sẹ́yìn, kí okùn kan lè wálẹ̀ nígbà tí èkejì dúró síbi tó wà. Ó máa ń dun ọrùn ọwọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fún aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ka ọ̀gá sí ìkà ènìyàn. Ilé rẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ràn kọ́ńtírì, orin òyìnbó tí wọ́n máa ń gbé sórí rédíò lọ́jọ́ Sunday. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á ní kí gbogbo wa dákẹ́, nítorí gìtá tó jọ tirẹ̀ ló ń dún nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù kò yàtọ̀ sí bí àwọn bàbá yín ṣe dé e, ẹ bi wọ́n. Mo gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì, mo ṣọ́ ilé ìtajà, mo ń ta gìtá níbi ìsọmọlórúkọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí gìtá elésẹ̀ mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Camberwell, iye tí mo sì rà á kò kan ẹnikẹ́ni. Mo ní láti tún ara mi kọ́ níṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Orúnkún tí ọ̀gá dì pa ní Mushin, òun gan-an ló wá di irinṣẹ́. Mo pe ọ̀gá lórí fóònù láti fi yangàn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ràmónì, ṣé ẹsẹ̀ náà lo máa wá fi jẹun?" Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Abẹ́ afárá rélùwéè nítòsí Peckham Rye ni mo ti ń dánra wò, nínú àwọn yàrá tí wọ́n ń fi háyà fún olórin. Lọ́jọ́ kan obìnrin onírun pupa kan kan ilẹ̀kùn. Eileen lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà ní yàrá kejì, òun ló ń kọrin fún wọn. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ohùn tó ń jáde níbí yẹn, ṣé o lè ṣe é lẹ́yìn mi?" Bí mo ṣe di ara ẹgbẹ́ Nunhead Drovers nìyẹn, ìyẹn àwọn darandaran Nunhead. Ràmónì di Ray lẹ́nu wọn. Mo délé sọ fún ìyàwó mi pé mo ti di darandaran, ó ní màlúù wá dà.

Kọ́ńtírì ni à ń kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn tó ń dé fìlà ńlá. Tiwa falẹ̀, ó ń ha díẹ̀ létí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ará gúúsù Lọ́ńdọ̀nù: ọkọ̀ ojú omi tí kò wá mọ́, ilé kánsù tí ìjọba fi ń háyà, ọkọ tó jáde tí kò wọlé. Rédíò ò gbé wa, àwo orin kan péré la sì ṣe. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ràn wa fẹ́ràn wa dé góńgó. Wọ́n á wọkọ̀ láti ìlú mìíràn wá, wọ́n á dúró níwájú, wọ́n á máa bá Eileen pe gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìyọ ohùn.

Ibi tí a ti máa ń dàrú ni ìparí orin. Eileen á ti dákẹ́, ẹni tó ń ta gìtá béèsì á ti sinmi, Des onílù á ṣì máa lù, nítorí ó máa ń dijú lùlù. Ọmọ Jàmáíkà tí wọ́n bí sí Peckham ni Des, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. A wá fi òfin kan lélẹ̀ pé èmi ni n ó máa parí orin. Níwọ̀n ìgbà tí irin mi bá ṣì wà lórí okùn, orin ń lọ. Tí mo bá ti gbé e sókè, kí kálukú dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ ló wà. Des tún ìlù rẹ̀ tò síbi tó ti lè máa wo ọwọ́ òsì mi. A ṣe é títí ó fi mọ́ wa lára, àwọn olólùfẹ́ wa sì fẹ́ràn bí orin wa ṣe máa ń já lójijì.

Òfin yẹn ló wá tú wa ká.

Inú gbọ̀ngán kan ní Surrey Quays ni, níbi tí èbúté wà tẹ́lẹ̀. Bàbá Eileen ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ, nítorí ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ni pé bàbá náà ti kú. Orin kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń tìtorí rẹ̀ wá, Far Bank là ń pè é, ìyẹn etí odò lọ́hùn-ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Eileen fi ẹsẹ tuntun tó fẹ́ fi kún un hàn wá. Ó sọ nínú rẹ̀ pé bàbá òun ò kú. Ó wà lódìkejì odò, ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ti bímọ mìíràn, ìyá òun sì mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Mo ní, "Eileen, iwájú ni ìyá rẹ máa jókòó sí lónìí."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ nìyẹn."

"Kọ́kọ́ bá ìyá rẹ sọ ọ́ nílé. Irú ọ̀rọ̀ yìí, ojú agbo kọ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́."

Ó wò mí. "Nílé, wọ́n á dìde lọ sí kíṣìnì. Mo ti gbìyànjú. Níbí, wọn ò ní lè dìde."

Des ní ká lọ jẹun. Mo bá wọn lọ, ṣùgbọ́n ojú mi ò dára, Eileen sì rí i.

Far Bank la kọ kẹ́yìn. Ìyá Eileen jókòó síwájú, báàgì rẹ̀ lórí itan. Eileen bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ tuntun náà. Ó ku ìlà tó ti máa sọ pé bàbá wà láàyè. Mo fi orúnkún òsì ti apá irin, mo sì gbọ́ kẹ̀ẹ̀! Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan já lábẹ́ gìtá mi, ohùn gbogbo okùn dàrú. Ọwọ́ mi ṣí kúrò lórí okùn kí n lè bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Irin ti gòkè. Des dákẹ́. Béèsì dákẹ́. Eileen náà dákẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, nítorí òfin yẹn ti wọ òun náà lára. Àwọn ènìyàn rò pé orin ti parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Mo na ọ̀pá tó já náà sí Eileen. Ọwọ́ mi kọ́ ló ń wò, ojú mi ló ń wò. Ó rọra gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jáde. Ìlú Scotland ló gbà lọ. Mo pè é títí, kò gbé e. Des rí i bá sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé ọ̀pá irin fún un. Èsì tó fún Des ni pé, "Ray ti sọ fún mi lọ́sàn-án pé kò fẹ́ kí n kọ ọ́." Kò pẹ́ sí i ni ìyá rẹ̀ kú, láìgbọ́ ìlà yẹn. Nígbà tí mo gbọ́, mo mọ̀ pé ó parí nìyẹn. Inú bí mi, mo tún káàánú rẹ̀, mi ò sì rẹ́ni bá rò ó.

Ọdún gorí ọdún. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn ní gìtá, mo ń ta á fún ẹlòmíràn nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dùùrù oníná dé tó ní ohùn gìtá mi nínú, lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi í hàn mí ní Camberwell: ó tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, Mushin, àǹkárá ọ̀gá, ojú ògiri, gbogbo rẹ̀ jáde. Mo yìn ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mo délé, n kò lè jẹun. Iṣẹ́ ń dínkù, orúnkún òsì mi sì ń dùn mí. Nígbà tó dópin, wọ́n fi orúnkún irin pààrọ̀ rẹ̀ fún mi ní ọsibítù, mo sì ní mo ti fẹ̀yìn tì.

Mo ṣì ń fi ọ̀pá rìn nígbà tí Des pè mí.

"Ray, àwọn ọmọdé ti rí wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fẹ́ ká padà wá. Ilé orin kan lẹ́yìn Rye Lane, lọ́sàn-án Sunday. Tíkẹ́ẹ̀tì ti tán."

"Ta ló gbà fún wọn?"

"Eileen."

Mo ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní kí n pè ọ́. Ó ní Far Bank la máa fi parí. Gbogbo rẹ̀ pátá."

Ṣẹ̀rífá, ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, Peckham la bí i sí. Ó gbọ́, ó fọwọ́ lérí. "Daddy, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi stick sílẹ̀ ni o. Bẹ́ẹ ṣe ń ti knee yẹn sí ẹ̀gbẹ́, it's not good for you at all. Ẹ ní kí wọ́n yọ orin yẹn kúrò."

"Ìyẹn gan-an ni mi ò lè sọ, Ṣẹ̀rífá."

A pàdé lábẹ́ afárá wa àtijọ́. Irun Eileen ti funfun. Ó kí mi bí a ṣe ń kí ẹni tí a kò mọ̀ rí. Mo ní, "Eileen, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn—"

"Má sọ ọ́, Ray. Ta á."

A bẹ̀rẹ̀ Far Bank. Nígbà tó dé ẹsẹ yẹn, mo ti orúnkún, ìrora gbéra láti ibẹ̀ dé ìbàdí mi, apá irin náà ò sì dé ibi tó yẹ. Ohùn náà kan gógó. N kò gbé irin sókè, mo búra, ṣùgbọ́n Eileen ti dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn kan náà?"

"Orúnkún mi ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀."

"Nígbà yẹn, ọ̀pá irin. Lónìí, orúnkún." Ó ń di gìtá rẹ̀ sínú àpótí bó ṣe ń sọ ọ́. "Tó o bá mọ̀ pé o ò ní lè ṣe é, sọ fún mi kí Sunday tó dé, kí n wọ ọkọ̀ mi padà."

Mo mọ̀ pé tó bá wọ ọkọ̀ yẹn, n kò tún ní fojú kàn án mọ́ láyé.

Mo lọ sílé, mo ń ti orúnkún náà títí ó fi wú. Ṣẹ̀rífá gbé àpò ẹ̀wà tó ti dì bíi yìnyín láti inú fíríjì lé e, ó ń ráhùn, ó sì wá fi báńdéèjì wé e. Bó ṣe ń wé e ni mo tẹjú mọ́ ọn. Aṣọ, lórí orúnkún mi. Mo ní kó gbé gìtá sún mọ́ mi. Mo fi orúnkún sílẹ̀ pátápátá, mo dá irin ní ìdábùú bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Ohùn náà fẹ́ẹ̀ bọ́ sí i. Ọwọ́ mi ti di ti arúgbó. Bó bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, á tún yẹ̀.

Mo ní, "Ṣẹ̀rífá, kọjú sí ògiri."

"What?"

"Tó bá kan, kọjú sí ògiri. Tó bá dùn, yí padà."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun máa report mi sí council. Ṣùgbọ́n ó ṣe é, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ojú ògiri ló wò jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run fún Ọ̀gá Káríìmù ní gbogbo ìrun mi, lórí àga tí mo jókòó lé. Mi ò sọ fún Eileen pé n kò ní lè ṣe é. Mi ò sì mọ̀ bóyá mo lè ṣe é.

Sunday dé. Ilé náà kún fọ́fọ́, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí a tú ká mọ orin wa lórí. Ṣẹ̀rífá jókòó síwájú, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ògiri wà. Mo ń fi ẹ̀wù nu òógùn ọwọ́ kí irin má baà yọ̀ bọ́. Des ò dijú rárá lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ òsì mi ló ń wò láti orin àkọ́kọ́.

Far Bank bẹ̀rẹ̀. Eileen wọnú ẹsẹ náà. Mo fi orúnkún sílẹ̀, mo dá irin ní ìdábùú. Ó kan. Ó kan díẹ̀ báyìí, ẹlòmíràn ò lè mọ̀, ṣùgbọ́n mo rí Ṣẹ̀rífá tó rọra kọjú sí ògiri. Èjìká Eileen le. Gbogbo ara ń sọ fún mi pé kí n gbé ọwọ́ kúrò. N kò gbé e. Mo fà á sẹ́yìn díẹ̀ sí i, ọrùn ọwọ́ mi ń ta mí, mo sì ń wo ọmọ mi.

Ó yí padà.

Eileen kọ ìlà náà. Bàbá òun ò kú, ó wà lódìkejì odò, ìyá òun mọ̀. Ó kọ èyí tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ tán. Ó kẹ́yìn sí èrò nígbà tó kọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó kọjú sí mi.

Ó wá kù sọ́wọ́ mi kí n parí orin. N kò lè parí rẹ̀. Mo jẹ́ kí ohùn náà máa lọ, Des ń rọra lù, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. Eileen rìn wá. Ó na ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó mú irin náà láàárín ìka mi, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sókè. Des dúró.

Wọn ò tètè pàtẹ́wọ́. Eileen fẹnu sún mọ́ etí mi, ó ní,

"Ọ̀pá irin náà ló já lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

Mo ní, "Òun ni."

Ó dá irin náà padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ pa á dé.